Ilé àgbáyé tó wà lókè òfurufú ti darúgbó: Ta ló máa sanwó ìwólulẹ̀ rẹ̀?

Bí bọ́ọ̀lù bá wà lọ́jọ́ Sátidé, kí ẹni tó bá gba àárín ìlú Òsì kọjá, ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì, ìpínlẹ̀ Kwara, gbé ojú sókè wo orí àwọn ilé ìwòran bọ́ọ̀lù. Díìṣì tó wà níbẹ̀, àtèyí tó ti dípẹtà àtèyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, apá ibì kan náà ni gbogbo wọn dojú kọ: apá ìlà oòrùn. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní Ìlọ́fà, bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Ọ̀mù-Àrán. Kì í ṣe àṣà, kì í sì í ṣe ọgbọ́n inú ẹni tó ń so díìṣì. Ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní sátẹ́láìtì ló wà lọ́hùn-ún, ó fi nǹkan bíi 36,000 kìlómítà ga ju ilẹ̀ lọ, òun ló ń ju àwòrán sí àwọn díìṣì náà. Ẹ̀rọ sì ni. Ó ń gbó, epo inú rẹ̀ ń tán lọ, ọjọ́ kan sì ń bọ̀ tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e kúrò lójú ọ̀nà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ oníbàárà DStv kò mọ̀ ni pé wọ́n ti ra àrọ́pò ẹ̀rọ náà. Ilé-iṣẹ́ Eutelsat, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà nílẹ̀ Faransé, ló ni sátẹ́láìtì tí àwọn ìkànnì yẹn ń gbà kọjá. Ọdún 2009 ni wọ́n gbé èyí tí wọ́n ń pè ní Eutelsat 36B lọ sókè. Ní 2021, nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, wọ́n ti gbé iṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ Airbus pé kó bá àwọn ṣe òmíràn. Ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹta, ọdún 2024, Eutelsat 36D gbéra lọ sókè, ipò kan náà ni wọ́n sì ṣe é fún. Kò sí ìdí fún ẹnikẹ́ni ní Òsì láti gun àkàbà lọ yí díìṣì, kò sì sí ìdí fún onílé ìwòran láti dá owó èrò padà. Wọ́n ti ra tuntun kí àtijọ́ tó kú, gbogbo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ kò ju ìyẹn lọ.

Irú ìṣírò yìí náà ló wà nílẹ̀ báyìí láàárín àwọn orílẹ̀-èdè ńláńlá. Àmọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ gbé sọ̀ kalẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe sátẹ́láìtì tí kò ju mọ́tò kan lọ. Ilé ni, èèyàn sì ń gbé inú rẹ̀.

Ibùdó òfurufú àgbáyé, tí wọ́n ń pè ní ISS, ni ilé náà. Ọjọ́ 20, oṣù Kọkànlá, ọdún 1998 ni wọ́n gbé yàrá àkọ́kọ́ rẹ̀ lọ sókè láti ilẹ̀ Kazakhstan. Látìgbà náà ni wọ́n ti ń so yàrá mọ́ yàrá, bí ìgbà tí baálé ilé ń fi yàrá kún ilé bówó bá ṣe ń wọlé, títí tó fi gùn tó pápá bọ́ọ̀lù, tó sì wọn nǹkan bíi 420 tọ́ọ̀nù. Amẹ́ríkà, Rọ́ṣíà, Japan, Kánádà àti àwọn orílẹ̀-èdè kan ní Yúróòpù ló pawọ́ pọ̀ kọ́ ọ. Láti ọjọ́ 2, oṣù Kọkànlá, ọdún 2000 ni àwọn èèyàn ti ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn níbẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Nǹkan bíi 400 kìlómítà ló fi jìnnà sílẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ọ̀nà mọ́tò ń lọ sókè, ìrìn náà kò tó Èkó sí Àbújá.

Kí ló wá dé tí wọ́n fi fẹ́ wó o? Ọjọ́ orí ni. Ilé náà ń yí ayé po lẹ́ẹ̀kan ní nǹkan bí 90 ìṣẹ́jú, ìyẹn nǹkan bí ìgbà 16 lójúmọ́. Bó bá bọ́ sójú oòrùn, ara rẹ̀ á gbóná, irin á wú. Bó bá wọ abẹ́ òjìji ayé, ara rẹ̀ á tutù, irin á sún kì. Ẹni tó bá ń gbé lábẹ́ páànù mọ ariwo tí páànù máa ń pa tí oòrùn ọ̀sán bá mú un. Ẹ wá fojú inú wò ó kí ìyẹn máa ṣẹlẹ̀ nígbà 16 lójúmọ́ fún ohun tó lé ní 25 ọdún. Láti 2019 ni wọ́n ti rí i pé afẹ́fẹ́ ń jò jáde lára apá kan tó jẹ́ ti Rọ́ṣíà. Wọ́n lẹ̀ ẹ́, ó tún jò, wọ́n tún lẹ̀ ẹ́. NASA, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òfurufú ní Amẹ́ríkà, sì ń ná nǹkan bíi 3 bílíọ̀nù dọ́là lórí ilé náà lọ́dọọdún. Ẹni tó bá ti ní dáńfó àtijọ́ rí mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ: ìgbà kan ń bọ̀ tí owó mẹkáníìkì á ju owó tí mọ́tò ń pa wálé lọ.

Ètò tí NASA kéde ni pé iṣẹ́ yóò máa lọ nínú ilé náà títí di 2030, lẹ́yìn náà ni wọ́n á sọ ọ́ kalẹ̀ sínú òkun. Rọ́ṣíà ní tiwọn ṣèlérí àjọṣe títí di 2028.

Wọn ò lè ti ilẹ̀kùn kí wọ́n máa lọ. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ ṣì wà níbi tí ilé náà ń gbà kọjá, ó sì ń fà á sẹ́yìn. Bí wọn kò bá ń fi epo tì í sókè láti ìgbà dé ìgbà, fúnra rẹ̀ ló máa já bọ́, kò sì ní bi ẹnikẹ́ni pé ibo ni kí òun já sí. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní ọjọ́ 11, oṣù Keje, ọdún 1979, Skylab, ibùdó tí Amẹ́ríkà kọ́kọ́ kọ́ sókè òfurufú, já bọ́. Àwọn àfọ́kù rẹ̀ balẹ̀ sí àgbègbè Esperance ní ìwọ̀ oòrùn Ọsirélíà. Kò pa ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ìjọba ìbílẹ̀ Esperance kọ ìwé ìtanràn 400 dọ́là sí Amẹ́ríkà pé wọ́n da ìdọ̀tí sílẹ̀ nílùú àwọn. Wolé-wolé kò mọ olówó! NASA kò san án. Ọdún 2009 ni sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan lórí rédíò ní Amẹ́ríkà kó owó jọ lọ́wọ́ àwọn olùgbọ́ rẹ̀, tó sì bá wọn san án.

Rọ́ṣíà kò jẹ́ kí irú ìyẹn ṣẹlẹ̀ sí Mir, ibùdó tiwọn tó wọn nǹkan bíi 130 tọ́ọ̀nù. Nígbà tí ọjọ́ rẹ̀ pé, wọ́n fi ọkọ̀ akẹ́rù kan tì í wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì wọ òkun Pàsífíìkì ní ọjọ́ 23, oṣù Kẹta, ọdún 2001. Apá òkun kan náà, tó jìnnà sí ibi táwọn èèyàn ń gbé, ni wọ́n fẹ́ sọ ISS sí. Àwọn kan béèrè pé ṣé wọn ò lè tú ilé náà palẹ̀, kí wọ́n kó irin rẹ̀ wálé bí àwọn oníkòǹdẹ̀mù ṣe ń ṣe. NASA yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní wọn kò ṣe ilé náà fún títú, ewu ibẹ̀ pọ̀, ọkọ̀ tó lè kó o wálẹ̀ kò sì sí. Wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò bóyá kí wọ́n tì í lọ sókè réré. Epo tíyẹn máa jẹ kúrò ní kékeré.

Ibi tí owó ti wọ̀ ọ́ nìyí. Ní oṣù Kẹfà, ọdún 2024, NASA gbé iṣẹ́ fún SpaceX, ilé-iṣẹ́ Elon Musk, pé kí wọ́n ṣe ọkọ̀ tí yóò ti ilé náà wọ òkun. Iye tí iṣẹ́ náà lè tó ni 843 mílíọ̀nù dọ́là, owó tí wọ́n máa fi gbé ọkọ̀ náà lọ sókè kò sì sí nínú rẹ̀. Ní iye tí wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là lọ́dún yẹn, ó lé ní tírílíọ̀nù kan náírà. Owó ìwólulẹ̀ lásán ni o. Kò mú èrè kankan wá, kò sì kọ́ yàrá kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n wọ́n ti gbé e jáde nígbà tó ku nǹkan bí ọdún mẹ́fà kí ọjọ́ náà tó pé, nígbà tí ilé ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ilé yìí kò sì jìnnà sí ọ̀dọ̀ wa bí èèyàn ṣe lè rò. Láti Òsì dé Àkúrẹ́ kò ju ìrìn wákàtí díẹ̀ lọ, àwọn ará Àkúrẹ́ sì ti gba inú ISS gbé ẹrù. Yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀ tó wà níbẹ̀, FUTA, ló bá yunifásítì Kyushu Institute of Technology ní Japan ṣiṣẹ́ pọ̀ lórí NigeriaEduSat-1, sátẹ́láìtì kékeré kan tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10, tó ga ní 10, tó sì gùn ní 10, tí kò wọ̀n ju nǹkan bíi kìlógíráàmù kan lọ. Ghana, Mongolia àti Bangladesh náà ní tiwọn nínú ètò kan náà. Ọkọ̀ tó ń kó oúnjẹ àti ohun èlò lọ fún àwọn tó wà nínú ISS ló gbé wọn, ó gbéra ní Florida ní ọjọ́ 3, oṣù Kẹfà, ọdún 2017, wọ́n sì tú wọn sílẹ̀ láti yàrá Kibo tó jẹ́ ti Japan ní ọjọ́ 7, oṣù Keje, ọdún náà.

Ẹ kíyè sí bí òwò náà ṣe rí. FUTA kò ra rọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹrù kékeré ni wọ́n fi ránṣẹ́ sínú mọ́tò tó ń lọ tẹ́lẹ̀, bí ìyá oníṣòwò ṣe ń fi páálí kan ránṣẹ́ nínú bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ láti Ìlọrin. Bí wọ́n bá ti wó ilé tí bọ́ọ̀sì náà ń dúró sí, àwọn ẹlẹ́rù kékeré gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà mìíràn. Ọ̀nà náà ti wà, nítorí pé àwọn rọ́kẹ́ẹ̀tì kan ti ń kó ẹrù ọ̀pọ̀ èèyàn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àmọ́ Kibo ni àwọn tiwa gbà wọlé. Sátẹ́láìtì Àkúrẹ́ náà ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Ní 2019 ló já bọ́ sínú afẹ́fẹ́ ayé, tó sì jóná. Nítorí pé ó kéré, tó sì wà nísàlẹ̀, kò sẹ́ni tó náwó sórí ìsìnkú rẹ̀.

Èyí tó ná Nàìjíríà lówó, tó sì yẹ kí gbogbo oníṣòwò mọ ìtàn rẹ̀, ni NigComSat-1. Ní ọjọ́ 13, oṣù Karùn-ún, ọdún 2007, nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kí Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbé ìjọba sílẹ̀, rọ́kẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ Ṣáínà gbé e lọ sókè láti Xichang. Ilé-iṣẹ́ China Great Wall ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún, owó rẹ̀ sì tó nǹkan bíi 300 mílíọ̀nù dọ́là. Wọ́n ní ọdún 15 ni yóò lò. Ìrètí pọ̀ nígbà náà: íntánẹ́ẹ̀tì máa pọ̀, owó rẹ̀ máa wálẹ̀, àwọn báǹkì àti iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn kò ní máa sanwó fún sátẹ́láìtì òkè òkun mọ́.

Ní ọjọ́ 10, oṣù Kọkànlá, ọdún 2008, ó kú. Ọdún kan àti ààbọ̀ péré ló lò. Sólà tó ń gba iná oòrùn fún un ló dàrú, bátìrì inú rẹ̀ sì ń tán lọ bí bátìrì fóònù tí kò rí iná NEPA. Àwọn tó ń bójú tó o ní Àbújá rí i pé bí bátìrì náà bá tán pátápátá, wọn ò ní lè darí rẹ̀ mọ́, ó sì lè lọ kọ lu sátẹ́láìtì ẹlòmíì ní ojú ọ̀nà kan náà. Ìyókù agbára tó kù ni wọ́n fi sún un kúrò nípò rẹ̀. Àwọn aláṣẹ sọ nígbà náà pé ṣe ni àwọn lọ páàkì rẹ̀. Àwọn ará ìlú fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ṣé mọ́tò ni tí wọ́n fi ń páàkì rẹ̀. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni wọ́n sọ. Sátẹ́láìtì tó wà ní 36,000 kìlómítà kì í já bọ́ sílẹ̀. Bó bá gbó, ṣe ni wọ́n máa ń fi epo tó ṣẹ́kù tì í lọ sókè sí i, ní nǹkan bíi 300 kìlómítà, síbi tí kò ní dí ẹnikẹ́ni lọ́nà. Ẹni tó bá lo epo rẹ̀ tán láìfi ti ìrìn ìkẹyìn sílẹ̀ ti dá ìṣòro sílẹ̀ fún àwọn ará ọjà tó kù. Ní oṣù Kẹwàá, ọdún 2023, àjọ FCC ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà bu owó ìtanràn 150,000 dọ́là lé ilé-iṣẹ́ Dish Network, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn, torí pé sátẹ́láìtì rẹ̀ kan tó gbó, epo rẹ̀ kò tó gbé e dé 300 kìlómítà tí wọ́n ti ṣèlérí. Nǹkan bíi 122 ló dé.

Ohun tó gba Nàìjíríà ni adójútòfò, ìyẹn ìnṣọ́ránsì. Wọ́n ti ra á kí NigComSat-1 tó gbéra. Nítorí náà, ní oṣù Kẹta, ọdún 2009, wọ́n tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú àwọn ará Ṣáínà pé kí wọ́n ṣe òmíràn, ìjọba sì sọ pé Nàìjíríà kò ní san owó tuntun lórí rẹ̀. NigComSat-1R lọ sókè ní ọjọ́ 19, oṣù Kejìlá, ọdún 2011.

Ọ̀pọ̀ ló máa ń parí ìtàn náà síbẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ti yanjú. Kò yanjú tán. Láti oṣù Kọkànlá 2008 dé oṣù Kejìlá 2011 jẹ́ ọdún mẹ́ta àti oṣù kan. Láàárín ìgbà yẹn, ẹni tó ti fẹ́ ra íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ NigComSat ti lọ rà á níbòmíràn, àwọn wáyà íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun sì ti ń wọ Èkó. Main One àti Glo-1 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2010, wọ́n sì gbé íntánẹ́ẹ̀tì tó yá, tí kò sì wọ́n tó ti sátẹ́láìtì wọlé. Adójútòfò dá ẹ̀rọ padà, kò dá oníbàárà padà. Ẹni tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ jóná, tí ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì sì san owó ọjà fún un lẹ́yìn ọdún kan, mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì.

Ìdí nìyẹn tí ìbẹ̀rù tó pọ̀ jù lórí ISS kì í fi í ṣe irin tó máa wọ òkun. Àkókò tó máa wà láàárín ìgbà tí àtijọ́ bá lọ àti ìgbà tí tuntun bá dé ni. Amẹ́ríkà kò fẹ́ kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀ mọ́. Wọ́n ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni kọ́ ọ, kí NASA wá máa sanwó bí ayálégbé. Láti 2021 ni wọ́n ti ń fún àwọn ilé-iṣẹ́ lówó ìbẹ̀rẹ̀: lọ́dún náà, 415.6 mílíọ̀nù dọ́là ni wọ́n pín fún ẹgbẹ́ mẹ́ta, ọ̀kan lára wọn sì jẹ́ Blue Origin, ilé-iṣẹ́ Jeff Bezos tó dá Amazon sílẹ̀. Axiom Space ní Houston ti gbàṣẹ láti 2020 pé kí wọ́n so yàrá tiwọn mọ́ ISS, kí wọ́n tó wá yọ ọ́ kúrò láti dá dúró. Àwọn kan tó ń jẹ́ Vast náà ń kọ́ tiwọn. Ṣáínà ní tirẹ̀ kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ibùdó wọn, Tiangong, parí ní ìparí 2022, èèyàn sì ń gbé inú rẹ̀.

Ìṣírò ayálégbé yìí dùn, àmọ́ kò sí ẹni tó kọ́ ṣọ́ọ̀bù fún ayálégbé kan ṣoṣo tí kò ní fòyà. Bí NASA bá jẹ́ oníbàárà tó tóbi jù, tí wọ́n bá gé owó rẹ̀ lọ́dún kan ńkọ́? Ta ni yóò tún yá yàrá lókè òfurufú? Àwọn tó ń ṣe oògùn, àwọn orílẹ̀-èdè tí kò ní ilé tiwọn, àwọn olówó tó fẹ́ ṣe afẹ́. Àwọn tó kẹ́yìn yìí wà lóòótọ́. Ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹfà, ọdún 2025, ọmọ Yorùbá kan, agbẹjọ́rò Ọwọ́lábí Salis tó ti díje dupò gómìnà l'Ékòó rí, bá ọkọ̀ Blue Origin lọ sókè kọjá 100 kìlómítà, ó sì padà wálẹ̀ láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Òun ni wọ́n kà sí ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó dé òkè òfurufú. Ìjọba kọ́ ló rán an. Lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ aládàáni ló ti rí àyè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti 2016 ni ìjọba àpapọ̀ ti ń sọ pé àwọn máa rán ọmọ Nàìjíríà lọ sókè kó tó di 2030.

Oníṣòwò ní Òsì lè béèrè pé kí ló kan òun nínú èyí. Kó wo owó tó ń jáde lápò rẹ̀. Starlink, tó wọ Nàìjíríà ní oṣù Kìíní, ọdún 2023, tó jẹ́ pé orílẹ̀-èdè wa ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí nílẹ̀ Áfíríkà, ń fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún sátẹ́láìtì kéékèèké ṣiṣẹ́. Nǹkan bí ọdún márùn-ún péré ni wọ́n ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan fún. Bó bá pé, wọ́n á sọ ọ́ kalẹ̀ kó jóná, òmíràn á sì ti wà nípò rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń kú tó sì ń jí lójoojúmọ́ ni, owó oṣù tí oníbàárà ń san sì wà lára ọ̀nà tí ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń gbà rí owó ìrọ́pò. Nígbà tí wọ́n kéde ní 2024 pé owó náà yóò kúrò ní 38,000 náírà di 75,000 lóṣù, àjọ NCC ní wọn ò gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn, àwọn oníbàárà sì figbe ta. Ìgbóná ọjà àti dọ́là wà nínú rẹ̀, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé ìṣòwò rẹ̀ lé íntánẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, yálà ilé ìtẹ̀wé ni àbí ibi tí wọ́n ti ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, gbọ́dọ̀ mọ̀ pé owó ìrọ́pò ẹ̀rọ ẹlòmíì wà nínú owó tóun ń san, kò sì sóhun tó ní kí owó náà má tún gòkè.

Àwọn tó ń ṣe POS ti kọ́ apá kan nínú ẹ̀kọ́ yìí láìsí ilé-ìwé. Síìmù ilé-iṣẹ́ méjì ni ẹni tó gbọ́n nínú wọn ń lò, torí pé bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan bá lọ, oníbàárà kò ní dúró. Apá kejì ló ṣòro, ìyẹn kíkó owó ìrọ́pò jọ nígbà tí ẹ̀rọ ṣì ń pariwo, tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ká ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ ní 600,000 náírà ni, tí ẹni tó rà á sì mọ̀ pé ọdún márùn-ún ló lè fún òun. Ó ń jẹ 120,000 lọ́dún, ìyẹn 10,000 lóṣù. Bí kò bá yọ 10,000 yẹn sọ́tọ̀, tó ń pè é ní èrè, tó sì ń ná an, ẹ̀rọ ló ń jẹ díẹ̀díẹ̀ yẹn. Owó ọdún márùn-ún náà kò sì ní tó ra òmíràn bí ọjà bá ti wọ́n, nítorí náà ó yẹ kó máa lé e sí i bí ọdún ṣe ń yí.

Àwọn ará Òsì kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀ pé nǹkan ń gbó. Ìlú àwọn agbẹ́gilére ni, ìlú Areogun, tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wà ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí lókè òkun títí dòní. Bí ikán bá mú òpó ààfin, wọ́n á gbẹ́ òmíràn kí orí ilé tó sọ̀ kalẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé òpó tó bá jẹrà kò ní kí ẹnikẹ́ni san 843 mílíọ̀nù dọ́là kí òun tó kúrò.

Ó yẹ kí onílé ìwòran, oníléèwé àti oníṣòwò tó bá fẹ́ tọwọ́ bọ̀wé íntánẹ́ẹ̀tì ọdún mélòó kan béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á fún un pé ọdún wo ni sátẹ́láìtì tó ń lò gòkè, ọdún mélòó ni wọ́n ṣe é fún, ta ni yóò sanwó bí wọ́n bá ní láti yí díìṣì tàbí pààrọ̀ ẹ̀rọ, àti bóyá wọ́n máa dá owó ọjọ́ tí kò bá ṣiṣẹ́ padà. Ìbéèrè òmùgọ̀ kọ́. Ẹni tó bá ní ìdáhùn á dáhùn láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹni tí kò bá ní, ojú rẹ̀ á sọ.

Ìbéèrè náà sì kan ti ìjọba. NigComSat-1R tó gòkè ní oṣù Kejìlá 2011, ọdún 15 ni wọ́n ṣe é fún, ọdún náà sì pé ní ìparí 2026. Sátẹ́láìtì lè lò ju ọjọ́ orí tí wọ́n kọ fún un lọ bí epo rẹ̀ bá ṣì wà, ọ̀pọ̀ ló sì ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 2025, ilé-iṣẹ́ NIGCOMSAT kéde pé ìjọba àpapọ̀ ti fọwọ́ sí àrọ́pò méjì, NigComSat-2A tó yẹ kó gòkè ní 2028 àti NigComSat-2B ní 2029. Bí ọjọ́ méjèèjì kò bá tilẹ̀ yẹ̀, ó kéré tán, ọdún kan ni 1R máa fi ṣiṣẹ́ kọjá ọjọ́ orí rẹ̀ kí àkọ́kọ́ nínú wọn tó dé.